Yorùbá Inú Àpótí Gbàǹjo

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ríra àwo orin olówó pọ́ọ́kú ní agbègbè Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò

Nígbà tí àwọn tí ó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí mo mọ̀ dájú, mo rí i lójú wọn pé ìṣirò ni wọ́n ń retí, nítorí òun ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ yín; ṣùgbọ́n mo dá wọn lóhùn pé ìṣirò ni mo fi jẹun, kì í ṣe òun ni mo fi jayé, àti pé bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ èyí tí ó yé mi ju bí ara mi ti yé mi lọ, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àpótí páálí kan tí ó máa ń wà lábẹ́ tábìlì ìyá kan ní ọjà wa yìí nígbà èwe mi, tí àwọn àwo orin tí kò rí ẹni rà á kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe Faransé tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń sọ, kì í sì í ṣe Ifè ilé wa gan-an, bí a ti ń sọ ọ́ ní Gnagna àti Djama àti Woudou. Àwa ọmọ Ifè tí a wà lórí òkè yìí, àwọn baba wa kò yé sọ fún wa pé Ilé-Ifẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ti kọ́kọ́ ṣí. Bí ará Ọ̀yọ́ tàbí ará Èkó bá sì ń sọ̀rọ̀ níwájú wa, a ó dà bí ẹni tí ń wo ilé ìyá rẹ̀ nínú kùrukùru: a mọ ibi tí ògiri wà, a kò rí ilẹ̀kùn. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo lọ ní ilẹ̀ yìí tí wọ́n ti kọ́ mi ní Yorùbá, gbogbo ọjọ́ tí mo sì lò ní Nàìjíríà láti ìgbà tí a ti bí mi, bí a bá sin wọ́n pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, wọn kò lè ju oṣù mẹ́ta lọ. Inú àpótí gbàǹjo ni mo ti ra Yorùbá tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu mi yìí, ní fáráǹkì márùndínlọ́gbọ̀n, fáráǹkì márùndínlọ́gbọ̀n. Ìdí tí owó rẹ̀ fi kéré tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi òní wà.

Ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí kì í ṣe àlejò sí ohùn tí ń rìn láìlẹ́sẹ̀. Ní ìtòsí wa, ní Kamina, ni àwọn Jámánì ti gbé òpó onírin gíga gíga nà sí ojú ọ̀run, kí wọ́n lè máa bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ láìlo wáyà, ìrìn nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Iṣẹ́ náà kò sì tíì fìdí múlẹ̀ tí ogun fi dé ní ọdún 1914, tí àwọn tí ó kọ́ ilé náà fi fi ọwọ́ ara wọn wó o lulẹ̀ ní òru kan ní ìparí oṣù Ògọ́sìtì, kí ọ̀tá má bàa jogún rẹ̀. Bàbá àgbà mi máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ìkúnlẹ̀ erin. Àwọn Jámánì kan náà ni ó fa ọ̀nà rélùwéè láti Lómè wá sí ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, sí Agbonou, nítorí òwú àti èso igbó. Faransé sì fà á gùn dé Blitta lẹ́yìn wọn. Òwú ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun, iyọ̀ àti aṣọ àti kẹ̀kẹ́ ń gòkè bọ̀. Láàárín àwọn ẹrù tí ń gòkè bọ̀ náà, nínú àpótí onígi tí wọ́n fi koríko gbígbẹ tẹ́ inú rẹ̀, ni ẹ̀rọ giramafóònù ti wọ ìlú wa, àtòun àti àwo rẹ̀.

Àwo ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rí nínú àwòrán. Àwo aláfọ́ọ́ ni, dúdú minimini, ó wúwo lọ́wọ́, ó ń yí ìgbà méjìdínlọ́gọ́rin (78) ní ìṣẹ́jú kan, orin ojú kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó di àkúfọ́ ìkòkò. Ní 1948 ni àwọn Amẹ́ríkà gbé àwo oníke gbọ̀ọ̀rọ̀ jáde tí orin púpọ̀ ń wọ inú rẹ̀, ní 1949 ni kékeré tí ń yí ìgbà márùndínláàádọ́ta (45) tẹ̀lé e, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lé àwo aláfọ́ọ́ náà kúrò ní ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí èmi fi gbọ́n tó ẹni tí ń di owó mọ́ etí aṣọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà pọ̀ lọ́jà.

Owó kọfí àti kòkó ni ó ń rà wọ́n. Bí ìkórè bá ti tán ní ìhà Amlamé àti Badou, tí àwọn àgbẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú owó wọn nínú àpò abẹ́ ṣòkòtò, ìsọ̀ àwọn oníṣòwò a máa hó bí ilé oyin. Lórí pẹpẹ, níbi tí oòrùn kì í dé, ni àwọn olówó iyebíye máa ń dúró sí, olúkúlùkù nínú àpò páálí rẹ̀ tí ó ní àwòrán: àwọn ará Kòńgò onígìtá, tí gbogbo ọ̀dọ́ fẹ́ jó ijó wọn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè wọn, àwọn akọrin Faransé, tí àwọn akọ̀wé ń rà kí àlejò lè bá a lórí tábìlì, háílàìfù Gánà láti ìhà ìwọ̀-oòrùn wa, E. T. Mensah àti àwọn tí ó tẹ̀lé e. Nísàlẹ̀, lábẹ́ tábìlì, ni àpótí páálí wà. Inú rẹ̀ ni èyí tí ó fọ́ létí wà, èyí tí oòrùn ti ká bí etí ẹran, èyí tí àpò rẹ̀ ti sọnù, àti — ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níhìn-ín — èyí tí ó wá láti Nàìjíríà, ì báà mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Ta ni yóò ra sákárà ní ilẹ̀ tí Ewé àti Kabiyè àti Akposso àti Faransé ti pàdé? Àpàlà kò ní gìtá. Bí ẹni tí kò gbọ́ èdè bá fetí sí i, ọkùnrin kan ni yóò máa gbọ́ tí ń bá ìlù jiyàn. Àwo tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí a kò sì lè fi jó ijó òde, kí ni a ó fi ṣe?

Ẹni tí ó ni àpótí náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Kumasi ni ó ti ṣòwò láti ìgbà tí ó ti wà ní omidan. Ẹ̀yin àgbà rántí ọdún 1969. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú, kí ó wá ìwé náà tàbí kí ó kẹ́rù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti bí ọmọ, tí ọmọ wọn ti bí ọmọ níbẹ̀, ni wọ́n kó ayé wọn sínú ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n gba Tógò àti Dàhòmì kọjá lọ sílé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn gba etí òkun, Lómè sì kún fún wọn bí odò tí ó kún bo bèbè; ṣùgbọ́n àwọn kan tí ó ní ìbátan ní ọjà wa ya wá sí òkè níhìn-ín láti sinmi, nínú àwọn tí wọ́n sì sinmi, a rí ẹni tí ìsinmi rẹ̀ gba ogún ọdún. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá yìí. Ọkọ rẹ̀ ti ní ìsọ̀ àwo orin ní Kumasi. Ọkùnrin náà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi tí ó kù sí lójú ọ̀nà, mi ò bi ìyá náà rí, kò sì sọ fún mi rí. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ àwọn ti dúró, àwọn ta ẹrù kí àwọn lè jẹun: aṣọ tà, ìkòkò tà, ẹ̀rọ ìránṣọ tà, àní ẹ̀rọ giramafóònù fúnra rẹ̀ tà. Àwo kò tà.

Ìyá Aláwo ni gbogbo ọjà ń pè é, àwọn ọmọ aláìgbọ́ràn sì máa ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìgbà tí a bá rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kí a tó mọ̀ pé awo ni. Èmi kò rí ohun yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kúnlẹ̀ níwájú àpótí yẹn rí, tí ó ń ṣí àwo kan tẹ̀lé òmíràn bí babaláwo ti ń tẹ ojú odù, mọ̀ pé ìdájí ohun tí a ń wá, a kò mọ orúkọ rẹ̀ títí a ó fi rí i.

Òfin ìyá náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n irin ni. Iye kan náà ni fún gbogbo àwo inú àpótí, ìbáà ṣe ńlá, ìbáà ṣe kékeré. A kò gbọdọ̀ ná an. Ẹni tí ó bá rà, kò gbọdọ̀ dá a padà. Ẹ̀kẹrin ni ó ṣòro: a kò gbọdọ̀ gbé e sórí ẹ̀rọ kí a gbọ́ ọ kí a tó rà á. Ìyá náà ra ẹ̀rọ alágbèéká oníbátìrì kan nígbà tí ó yá, ó sì ń fi àwọn olówó iyebíye orí pẹpẹ hàn fún oníbàárà lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá na àwo inú àpótí sí i, yóò ní, “Rárá o, ọmọ mi. Bí o bá fẹ́ ẹ, fi owó sílẹ̀, kí o gbé e lọ sílé yín.” Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Nígbà èwe mi, mo rò pé ahun ni, pé kò fẹ́ kí bátìrì òun parí nítorí fáráǹkì márùndínlọ́gbọ̀n. Nísinsìnyí tí èmi náà ti sin ẹni, mo ní èrò mìíràn.

Nítorí pé a kò lè fi etí yàn, ojú ni a fi ń yàn, ọ̀nà náà sì di ìmọ̀ lọ́wọ́ àwa mélòó kan tí àrùn náà mú. A ó gbé àwo sókè sí ìmọ́lẹ̀, a ó sì yí i díẹ̀díẹ̀: bí ojú rẹ̀ bá ń dán bí omi òwúrọ̀, a kò tíì lò ó púpọ̀, bí ó bá ti di eérú, abẹ́rẹ́ burúkú ti jẹ ẹ́. Ìlà tí ó gba ojú àwo kọjá kì í ṣe bákan náà: a ó fi èékánná wọ́ ọ, bí èékánná kò bá kọ́ ọ, ẹ̀rọ náà kò ní kọ́ ọ. Ibi tí ìlà orin fún mọ́ra, ohùn ibẹ̀ rọlẹ̀. Ibi tí ó fẹ̀, ibẹ̀ ni ìlù ti pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mọ̀, kí a tó gbọ́ nǹkan kan, pé ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó jẹ́ kí àwọn onílù rẹ̀ ṣe bí wọ́n ti fẹ́. Lẹ́yìn náà ni bébà róbótó àárín, tí í ṣe ojú àwo: Decca, Philips, EMI, HMV tí ajá jókòó níwájú ẹ̀rọ rẹ̀ tí ń gbọ́ ohùn olówó rẹ̀. Lórí bébà yẹn kan náà ni àwọn tí ó ti ni ín rí máa ń kọ orúkọ wọn sí pẹ̀lú yíǹkì, àti ọjọ́ tí wọ́n rà á, àti nígbà mìíràn ìkìlọ̀ fún olè. Mo ní ọ̀kan tí a kọ sí lára pé ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni. Mo máa ń rò nípa àwọn tọkọtaya náà ju bí ó ti yẹ lọ.

Bí mo bá gbé e délé, ọṣẹ dúdú àti omi tútù ni n ó kọ́kọ́ fi wẹ̀ ẹ́ bí a ti ń wẹ ọmọ, n kò ní jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Èyí tí ó bá ti ká, n ó fi í sáàárín gíláàsì fèrèsé méjì, n ó gbé e sí oòrùn títí yóò fi rọ̀, n ó sì gbé òkúta lé e lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú mẹ́ta, ọ̀kan a máa tọ́, méjì a di abọ́ ẹ̀pà. Bí abẹ́rẹ́ bá ń fò, a ó gbé ẹyọ owó lé orí apá ẹ̀rọ kí ó wúwo. Ìyá mi a ní owó tí mo gbé lé apá ẹ̀rọ yẹn ì bá ra ata.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà ó ju òje lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Haruna Ishola fún yín, Bàbá Gani Àgbà, atẹ́nu-mọ́rọ̀-bí-ẹni-ń-wun-ẹní, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó jókòó bí ọba láàárín àwọn oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí kò dìde, tí kò mira, tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ nìkan gbé àwùjọ sókè. Ní 1948 ni ó kọ́kọ́ ṣe àwo, fún HMV, ó sì fi ki Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, Ọba Adéboyè. Àwo náà kò tà. Bí a bá ní kí a fi ojú Atakpamé wò ó, abẹ́ tábìlì ni ààyè rẹ̀. Ọdún méje kọjá. Ní 1955 ni ọba náà wàjà, wọ́n tún orin náà ṣe, àwọn tí kò bìkítà nígbà tí ọba wà láàyè sì ń dù ú nígbà tí ó di ẹni ìrántí. Láti ìgbà náà ni òkìkí ọkùnrin náà kò rọlẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di 1969, òun àti I. K. Dairo, tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963 nítorí orin jùjú, dá ilé-iṣẹ́ àwo ti ara wọn sílẹ̀, STAR Records, kí èrè ọ̀nà ọ̀fun wọn lè máa bọ̀ wá sílé. Orin kan náà, ohùn kan náà, ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ọ ni ó yí padà. N kò mọ ìtàn yìí nígbà tí mo ra Haruna mi àkọ́kọ́. Èyí tí mo mọ̀ ni pé fáráǹkì márùndínlọ́gbọ̀n ni, àti pé nígbà tí ó la ẹnu, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ìyá ìyá mi máa ń lò, tí mo ti rò pé nínú ilé wa nìkan ni ó wà.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Bí ó ti rí ni mo ṣe sọ ọ́. Bí ọmọdé bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ilé wọn lẹ́nu àjèjì láti ìlú tí kò dé rí, kì yóò mọ̀ bóyá àjèjì náà ni ó jí i tàbí òun.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìwé kan, mo sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ sí i, n ó gbé abẹ́rẹ́ padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi já, n ó sì gbé e lọ bá Ìyá Aláwo ní ọjọ́ kejì. Òun kì í fẹ́ gbọ́ àwo, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo gbọ́, inú rẹ̀ a dùn, a máa tún ohùn mi ṣe: “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, gbé e sókè níparí.” Báyìí ni Yusuf Olatunji, Bàbá L'Ẹ́gbàá, ṣe kọ́ mi láti inú àwo rẹ̀ bí a ti ń ki ènìyàn láìṣi orúkọ baba rẹ̀, báyìí ni Ayinla Omowura Anígilájé, ìjì Abẹ́òkúta, ṣe kọ́ mi ní èébú tí n kò lè tún sọ níwájú àwọn ọba wa. Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń béèrè omi mímu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọmọbìnrin tí ń ta omi pẹ̀lú gbogbo oríkì tí mo ní, mo súre fún un, mo fi ìméfò dárúkọ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀, ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra omi ni àbí ẹ fẹ́ gba owó ni?” Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà.

Nínú àpótí kan náà ni mo ti rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù. HMV ti bẹ̀rẹ̀ láti 1933 sí í kó orin àwọn ará Cuba wá sí Áfíríkà lórí àwo tí ó ní lẹ́tà GV lára, wọ́n sì tàn kálẹ̀ láti Dakar dé Kòńgò. Àwọn tí a ń pè ní orin Kòńgò lórí pẹpẹ, ọmọ ọmọ wọn ni. Ọ̀kan tí ó ti fọ́ létí ni mo rà, nítorí pé inú mi bà jẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ ra nǹkan. Èdè Sípéènì ni. Mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ òjò, títí mo fi gbọ́ Ṣàngó. Mo gbé abẹ́rẹ́ padà. Ṣàngó ni, lẹ́nu ẹni tí kò mọ ibi tí Ọ̀yọ́ wà, láti òkè òkun tí a kó àwọn ènìyàn wa lọ ní ìgbèkùn, nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ tí a ti ń fi Faransé ṣe ìjọba. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo kà á pé irú orin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, pé Celina González ti kọ orin sí Bárbara Mímọ́ tí wọ́n fi ṣe Ṣàngó ní ọ̀hún láti 1948. Ọjọ́ náà kò sí ìwé lọ́wọ́ mi. Mo sáré lọ sí ọjà, mo sọ fún Ìyá Aláwo. Ó ní, “Níbo ni o rò pé yóò lọ?” ó sì ń bá ata rẹ̀ lọ.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo kẹ́gàn orí pẹpẹ. Ibẹ̀ ni Bella Bellow wà, ọmọ wa, tí a bí ní Tsévié ní 1945, tí ó ṣojú ilẹ̀ Tógò níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar ní 1966, tí ó sì kọrin ní Olympia ní Paris. N kò lówó rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 1973 ni jàǹbá ọkọ̀ mú un lọ ní Lilikopé, lójú ọ̀nà wa yìí, tí gbogbo wa ń gbà bí a bá ń lọ sí Lómè, kò sì tíì pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí àwo rẹ̀ kan lórí pẹpẹ mọ́. Ìyá Aláwo kò fi owó lé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ta èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tí ó wà tẹ́lẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó pa ọjà náà. N kò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀: ó kéré, kò fọ́, ẹnikẹ́ni sì lè da orin ẹlòmíràn kọ sínú rẹ̀. Ìjọba wa dá ilé-iṣẹ́ àwo sílẹ̀ ní Lómè, OTODI, pẹ̀lú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tí ó dára tó èyí tí a lè fi yangàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ. Nígbà tí wọ́n já owó wa sí ìdajì ní oṣù Kìn-ín-ní 1994, tí fáráǹkì Faransé kan tí a ń fi àádọ́ta (50) rà di ọgọ́rùn-ún (100), àwọn tí ó ṣì ní àwo nílé kó wọn jáde bí wọ́n ti kó ìkòkò àti àga jáde. Mo rí àwo tí a fi bo ẹnu kànga.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó dé. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń ti Kútọnu bọ̀ wá sí Lómè, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń béèrè àwo àtijọ́. Samy Ben Redjeb, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Analog Africa, kó orin Benin àti Tógò jọ ní 2008 sínú àkójọ kan, *African Scream Contest*, àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù sì ń jó ohùn Roger Damawuzan tiwa tí ń ké bí ẹni tí iná jó. Àwọn kan ń bú wọn pé olè ni wọ́n. Èmi kò lè bú ẹni tí ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí; ohun tí mo ṣe ni ó ń ṣe, òun sì wá àwọn olórin náà kàn láti san owó wọn fún wọn, èyí tí èmi kò ṣe rí. Ọ̀kan nínú irú wọn dé ilé mi. Ó jókòó fún wákàtí mẹ́rin, ó gbé gbogbo àwo mi wò pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́, ó ra mọ́kànlá, ti ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo ti Kútọnu ni ó pọ̀ jù nínú wọn, owó tí ó san sì kan òrùlé ilé tí mo ń gbé. Nígbà tí ó dé orí àwọn Haruna mi àti àwọn Yusuf mi, ó fi ìka yí wọn lọ kíákíá bí ẹni ń ṣí ìwé tí a kọ ní èdè tí kò mọ̀. Kò sí gìtá níbẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fún un ní iṣu méjì.

Ó ku àwo kan tí kò rí, nítorí pé kì í sí láàárín àwọn yòókù. Ní ọdún tí mo gbéyàwó ni Ìyá Aláwo pinnu láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lọ bá a di ẹrù. Nígbà tí a di gbogbo rẹ̀ tán, ó fa àwo kan jáde láti abẹ́ ẹní tí ó ń sùn lé, ọ̀kan nínú àwọn aláfọ́ọ́ àtijọ́, ó ní kí n mú un. Mo ní, “Ìyá, ẹ ṣeun o.” Ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní, “Fáráǹkì márùndínlọ́gbọ̀n.” Mo san án. Ikán ti jẹ bébà àárín rẹ̀. Lẹ́tà méjì péré ni ó kù, a kò sì lè fi lẹ́tà méjì pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohùn obìnrin ni, pẹ̀lú ìlù kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ní àárín rẹ̀ ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kì í ṣe ti Ọ̀yọ́, tí kì í ṣe ti Ẹ̀gbá, tí ó sún mọ́ èyí tí a ń sọ ní Djama. Mo ti gbé e fún àwọn àgbà gbọ́ ní Anié àti ní Glei, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn ìyá wa tí ó wà níwájú níhìn-ín ju àwọn tí mo ti bi léèrè lọ ní ọjọ́ orí. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ẹ̀rọ yìí wá, tí ẹ ti ń wò láti àárọ̀. Ojú kejì rẹ̀ ti fọ́, ojú kan yìí nìkan ni ó ṣeé gbọ́, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ bá wa pa fáànù yẹn.